Báàgì Abẹ́ Ibùsùn: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tí Ajagun-fẹ̀yìntì àti Opó Ọmọ-ogun Lè Gbà Rí Ẹ̀tọ́ Wọn ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tí ó wà ní Kubwa, ní Nyanya, ní Mararaba, tàbí ní Kàdúná àti Jos, báàgì kan máa ń wà lábẹ́ ibùsùn tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Inú rẹ̀ ni ìwé ìfẹ̀yìntì bàbá wà, pẹ̀lú fọ́tò kéékèèké tí ó yà nínú aṣọ sójà, káàdì ìdánimọ̀ tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́, àti ìwé báńkì kan tí báńkì tí ó fún un lè má sí mọ́. Lọ́jọ́ tí pẹ́ńṣàn bá dúró láìnídìí, tàbí lọ́jọ́ tí bàbá bá kú tí ìyá kò sì mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn, báàgì yìí ni gbogbo ilé máa ń tú sílẹ̀, ìbéèrè tí ó sì máa ń tẹ̀lé e ni pé: ta ni kí a rán? Àwọn kan á ní kí a lọ fúnra wa. Àwọn kan á dárúkọ Líjọ́ọ̀nù, ẹgbẹ́ àwọn ajagun-fẹ̀yìntì. Ẹ̀gbọ́n kan mọ lọ́yà, àbúrò rẹ̀ sì mọ “ọkùnrin kan tí ó máa ń bá ènìyàn sáré fáìlì.”

Ọmọ sójà ni mí, èmi kọ́ ni mo wọ aṣọ ọ̀hún. Mo ti tẹ̀lé fáìlì mẹ́ta nínú ẹbí wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ṣi ọ̀nà gbà nínú méjì. Ohun tí ìṣìnà náà kọ́ mi ni pé ibi tí ìwé dúró sí ni ó yẹ kí ó sọ ẹni tí a ó rán fún wa. Ẹni tí a mọ̀, tàbí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù, kì í sábà jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Òṣùwọ̀n mẹ́rin ni mo lò. Èkíní, tí mo kà sí pàtàkì jù, ni ibi tí ìwé dúró sí. Owó tí wọ́n ti ṣírò ṣùgbọ́n tí kò wọ báńkì yàtọ̀ sí owó tí wọn kò tíì ṣírò nítorí pé ọjọ́ tí sójà wọṣẹ́ kò bára mu nínú àkọsílẹ̀, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí owó tí ó wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìyàwó méjì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Èkejì ni ìnáwó, kì í sì í ṣe owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ yín nìkan: owó mọ́tò, ibi tí ẹ ó sùn, fọ́tókọ́pì, ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́, àti ọjọ́ ọjà tí ìyá kò ní lè pa àtẹ, gbogbo rẹ̀ ni ìnáwó. Ẹ̀kẹta ni ìgbẹ́kẹ̀lé: ṣé ojúlówó ìwé yóò kúrò lọ́wọ́ yín, ṣé ẹni náà yóò fún yín ní rìsíìtì, ṣé ẹ ó sì rí i bí ẹ bá padà wá lóṣù tí ń bọ̀? Ẹ̀kẹrin ni bí ọ̀nà náà ṣe bá ipò yín mu, nítorí ohun tí ó rọrùn fún sájẹ́ńtì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le kò rọrùn fún opó tí ó ń tọ́jú ọmọ mẹ́rin.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a yanjú kí a tó gbéra, nítorí ó ti gba ọjọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn ọmọ-ogun kò sí nínú ètò ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ ti ń dá owó sí lóṣooṣù. Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2004 kọ́kọ́ kó wọn mọ́ ọn, wọ́n yọ wọ́n kúrò ní 2011, òfin 2014 sì fìdí ìyọkúrò náà múlẹ̀. Nítorí náà, kò sí ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó ń tọ́jú pẹ́ńṣàn sójà tí ẹ ó máa wá lọ. PTAD náà, ọ́fíìsì ìjọba lórí pẹ́ńṣàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013, wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà lábẹ́ ètò àtijọ́ tí òṣìṣẹ́ kì í dá owó sí. Òṣìṣẹ́ alágbádá tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní bárékè lè ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀, sójà kò ní. Mo mọ ọmọ kan tí ó to ìlà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán níbi tí orúkọ bàbá rẹ̀ kò lè sí láé.

Kí ẹ lọ fúnra yín

Military Pensions Board, tí olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, ni ó ń ṣírò gírátúítì àti pẹ́ńṣàn àwọn tí ó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ogun orí ilẹ̀, ti orí omi àti ti òfurufú, òun náà ni ó sì ń san án, láti orí sójà lásán títí dé orí ọ̀gágun. Bí ó bá jẹ́ pé pẹ́ńṣàn tí ẹ ti ń gbà tẹ́lẹ̀ ni ó dúró, tàbí pé àfikún kan kò dé ọ̀dọ̀ yín, tàbí pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ báńkì, tàbí pé ẹ kò sí nílé nígbà àyẹ̀wò ojúkojú, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, kò sì sí ìdí tí ẹnì kejì fi gbọ́dọ̀ wà láàárín.

Ìnáwó rẹ̀ kéré fún ẹni tí ó ń gbé ní Àbújá àti àyíká rẹ̀. Fún ẹni tí ó ń ti Maiduguri tàbí Sokoto bọ̀, owó mọ́tò àti ewu ojú ọ̀nà máa ń sọ ọ́ di ohun tí ó wúwo gan-an. Ní ti ìgbẹ́kẹ̀lé, kò sí èyí tí ó tó o, nítorí ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni, bí ẹ bá lè fi sùúrù ṣe ohun mẹ́ta. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má ṣe fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sójà, ọjọ́ ìwọṣẹ́, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, báńkì àti fóònù sí i. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu ọ̀kan fún yín. Ẹ fi fọ́tókọ́pì sílẹ̀, kí ẹ mú ojúlówó ìwé padà sílé, kí wọ́n kàn wò ó níwájú yín. Bí oṣù bá ń gorí oṣù tí ẹ kò mọ ipò tí fáìlì wà, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún yín láṣẹ láti kọ̀wé béèrè ohun tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, ó sì fún ọ́fíìsì náà ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Kì í ṣe ìjà. Lẹ́tà tí ó dárúkọ òfin pẹ̀lú ọ̀wọ̀ máa ń jí fáìlì tí ó ti sùn.

Kí ẹ má sì ṣe wọ ibẹ̀ bí ẹni tí ó wá tọrọ. Ìpín 173 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fawọ́ ẹ̀tọ́ ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ yí i padà sí ìpalára rẹ̀, àyàfi bí òfin bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣàn wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkigbà tí wọ́n bá tún owó oṣù òṣìṣẹ́ wò, èyí tí ó bá ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí òun ni ó ń pa wá lára jù. Láyé àtijọ́, akọ̀wé tí ó ń gba sójà wọlé máa ń fi orúkọ ìlú ènìyàn ṣe orúkọ ìdílé rẹ̀, nítorí náà ẹ ó rí bàbá tí ìwé rẹ̀ ń pè ní Ganiyu Ọ̀ffà tàbí Àlàbí Ìlọrin, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ bàbá-ńlá wọn ní ilé-ìwé. Nígbà tí BVN dé, ó sọ orúkọ mìíràn fún báńkì. Nígbà tí NIN dé, ẹni tí ó ń tẹ kọ̀ǹpútà kọ Adéwálé sí ibi tí ó yẹ kí ó jẹ́ Adéwọlé. Ọ́fíìsì tí ó ń sanwó kò lè yan èyí tí ó tọ́ fún yín. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú orúkọ tí ó wà nínú ìwé iṣẹ́ ogun ṣe ìpìlẹ̀, nítorí òun ni ó ṣòro jù láti yí padà, kí ẹ wá fi ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn so àwọn yòókù mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kí ẹ tún NIN àti BVN ṣe kí wọ́n bá a mu. A ṣe é lódìkejì fún bàbá mi: NIN ni a kọ́kọ́ tún ṣe sí orúkọ tí a fẹ́ràn. Odindi ọdún kan ni àṣìṣe yẹn gbà lọ́wọ́ wa.

Ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ àti bárékè

Bí àṣìṣe bá wà nínú ọjọ́ ìwọṣẹ́, nọ́ńbà sójà, ipò tí ó fi fẹ̀yìn tì, tàbí orúkọ ìyàwó àti ọmọ tí ó kọ sílẹ̀, Àbújá kọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Lọ́kọ́ja ni ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ìtàn iṣẹ́ àwọn sójà tí kì í ṣe ọ́físà ń gbé. Ti orí omi àti ti òfurufú ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ tiwọn. Láti Àbújá, ìrìn-àjò Lọ́kọ́ja kò tó ọjọ́ kan, ó sì sàn jù kí ẹ lo ọjọ́ kan níbẹ̀ ju kí ẹ lo oṣù mẹ́fà níwájú akọ̀wé tí kò ní agbára láti yí ọjọ́ kan ṣoṣo padà nínú ìwé yín.

Ọ̀nà yìí tún ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yẹn kì í fẹ́ gbọ́. Sójà tí ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ bí next of kin nígbà tí ó wà ní ọmọ ogún ọdún ní Depot Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ-ogun tuntun, tí ó sì ti fẹ́yàwó, tí ó ti bímọ mẹ́ta, tí ìyá náà sì ti kú, ń kọ wàhálà sílẹ̀ fún opó rẹ̀. Kí ó tún un ṣe nígbà tí ó ṣì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọwọ́ lùwé.

Fún ìdílé ẹni tí ó kú sójú ogun tàbí lẹ́nu iṣẹ́, bárékè ni ìbẹ̀rẹ̀. Owó ìdójútòfò ti iṣẹ́ ogun yàtọ̀ sí gírátúítì ikú tí Board ń san, mo sì ti rí ìdílé tí ó gba sọ̀wédowó kan, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n rò pé ó parí níbẹ̀. Kí opó béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tí ó ń rí sí ìgbáyégbádùn ní ẹ̀ka ọkọ rẹ̀, ní kíkọ sílẹ̀: owó mélòó ni ó yẹ kí ó tọ́ sí mi, èwo ni mo ti gbà, èwo ni ó kù, ta ni yóò san án? Ìnáwó rẹ̀ kò tó nǹkan nígbà tí ìdílé bá ṣì ń gbé nínú bárékè. Nígbà tí wọ́n bá ti kó jáde, ó di ìrìn-àjò.

Líjọ́ọ̀nù àti àwọn ẹgbẹ́

Àwọn tí ẹ máa ń rí ní 15 oṣù kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ-ogun, nínú aṣọ aláwọ̀ kan pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ lára àyà, ni Líjọ́ọ̀nù lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn ẹlòmíràn sì mọ̀ wọ́n bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nìkan. Iṣẹ́ wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wà ní ìpínlẹ̀ àti ní ìjọba ìbílẹ̀, ìròyìn ọjọ́ àyẹ̀wò sì tètè ń dé ọ̀dọ̀ wọn ju ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sílé. RANAO wà fún àwọn ọ́físà tí ó fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ àwọn opó ọmọ-ogun tí a mọ̀ sí MIWA sì wà fún àwọn ìyá.

Owó ẹgbẹ́ nìkan ni ìnáwó rẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì fún un. Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ wà lọ́wọ́ alága tí ẹ bá bá níbẹ̀: mo mọ ẹ̀ka kan tí akọ̀wé rẹ̀ ní ìwé ńlá tí ó kọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sí, pẹ̀lú ibi tí fáìlì oníkálukú dé, mo sì mọ òmíràn tí kò mọ̀ ju ìpàdé àti mínírà lọ. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe ni pé kí wọ́n jẹ́rìí sí yín, kí wọ́n kọ́wọ̀ọ́ rìn pẹ̀lú yín, kí wọ́n sì pariwo lórúkọ ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí owó gbogbogbòò bá pẹ́. Wọn kò lè ṣírò owó yín, wọn kò sì lè bọwọ́ lùwé dípò yín. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣì wà: ní òkè Ọya, Hausa ni wọ́n sábà fi ń ṣe ìpàdé. Bàbá tí ó gbé bárékè fún ọgbọ̀n ọdún kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n opó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá lè jókòó wákàtí méjì kí ó má mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Kí ó mú ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dání.

Agbẹjọ́rò, ilé-ẹjọ́ àti ìrànwọ́ òfin

Bí a bá yọ ti ajẹ́ńtì sẹ́yìn, èyí ni ọ̀nà tí ó wọ́n jù, òun náà sì ni a máa ń yá lọ nígbà tí kò tíì yẹ. Lọ́yà kò lè mú kí ọjọ́ tí kò bára mu nínú àkọsílẹ̀ bára mu. Lẹ́tà tí ẹ̀yin náà lè kọ ni yóò kọ, yóò sì gba owó rẹ̀. Àmọ́ ibì kan wà tí kò sí ẹlòmíràn tí ó lè ṣe é: nígbà tí ikú bá mú ogún wá, tí ogún sì mú ìjà wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí sójà kọ bí next of kin ni ó ni owó. Lójú òfin, ẹni tí a ó kọ́kọ́ kàn sí ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí; òun nìkan kò sọ ẹnì kan di ajogún. Bí olóògbé kò bá ṣe ìwé ìhágún, ìdílé lè nílò ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti ilé-ẹjọ́ gíga. Ní Àbújá, ilé-ẹjọ́ gíga tí ó wà ní Maitama ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Fún ìdílé Mùsùlùmí, pàápàá ní àwọn ìpínlẹ̀ òkè Ọya, ilé-ẹjọ́ Ṣàríà lè pín ogún náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti là á kalẹ̀. Kí àwọn ìyàwó àti ọmọ kọ́kọ́ jókòó yanjú ibi tí wọn yóò lọ, nítorí bí ẹgbẹ́ kan bá wà ní Maitama tí èkejì wà níwájú alùkálì, owó náà yóò dúró títí yóò fi rẹ ọ̀kan nínú wọn.

Ní ti ìnáwó, ẹ wo Legal Aid Council, ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń fi òfin ran ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, kí ẹ tó wo ìta. Òfin rẹ̀ ti 2011 fi owó oṣù tí ó kéré jù lọ ṣe ààlà fún ẹni tí wọn yóò ràn lọ́wọ́, owó oṣù yẹn sì ti di ₦70,000 láti 2024, nítorí náà ọ̀pọ̀ opó àti ajagun-fẹ̀yìntì onípò kékeré wà lábẹ́ ààlà náà. Ẹ béèrè ní tààrà bóyá irú ẹjọ́ yín wà lára èyí tí òfin gbà wọ́n láàyè láti ṣe. Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tí ó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú, tí ó ti wà láti 1975, kì í gba owó lọ́wọ́ olùráhùn. Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wádìí ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ-ogun lábẹ́ òfin iṣẹ́ ogun, ó sì fẹ́ kí ẹ ti kọ́kọ́ rin ọ̀nà ọ́fíìsì tán. Nítorí náà ó wúlò fún ìdádúró pẹ́ńṣàn ju fún ẹ̀sùn lílé sójà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ó bá di dandan kí ẹ pẹjọ́, ilé-ẹjọ́ tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ni àtúnṣe ìwé òfin ti 2010 gbé àríyànjiyàn lórí pẹ́ńṣàn àti gírátúítì fún. Ẹ má ṣe jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, nítorí òfin kan wà tí ó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tí ènìyàn bá pè lẹ́jọ́, oṣù 3 péré ni ó sì fún olùpẹ̀jọ́. Àwọn adájọ́ ti rí ibi tí kò ti kan ènìyàn, ṣùgbọ́n kí lọ́yà sọ fún yín ní kíá bóyá ẹ wà lára wọn. Kí ẹ sì bá a dá iye owó pàtó nínú ìwé. Ẹni tí ó ní òun yóò mú ìdá kan nínú gírátúítì, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ajẹ́ńtì

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹni tí ó dúró sí ẹnu géètì, tí ó mọ orúkọ gbogbo akọ̀wé, tí ó ní òun yóò mú fáìlì jáde ní ọ̀sẹ̀ kan, ni ó wọ́n jù lọ, nítorí ẹ ò ní mọ iye tí ẹ san títí yóò fi tán. Ojúlówó ìwé ni yóò kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà káàdì ATM, lẹ́yìn náà nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pè lórí fóònù pé òun ń pè láti ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn, tí ó sì béèrè nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín, olè ni. Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti àbúrò tàbí ọmọ tí ẹ kọ lẹ́tà àṣẹ fún, tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ rán an sí i. Ọmọ yẹn kì í ṣe ajẹ́ńtì, ẹsẹ̀ yín ni.

Ta ni kó yan èwo

Ajagun-fẹ̀yìntì tí ara rẹ̀ le, tí ó ń gbé ní Àbújá tàbí ní etí rẹ̀, tí ìwé rẹ̀ sì pé, kí ó lọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ẹ̀dà méjì. Ẹni tí ó wà ní Kàdúná, Zaria tàbí Maiduguri, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí ó wà nítòsí rẹ̀, kí ó fi ìrìn-àjò Àbújá sílẹ̀ di ọjọ́ tí ó bá mọ orúkọ ọ́fíìsì tí ó ń lọ àti ìwé tí wọ́n ń fẹ́. Ẹni tí orúkọ tàbí ọjọ́ rẹ̀ kò bára mu, Lọ́kọ́ja tàbí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ ṣáájú, ilé-ẹjọ́ fún ìwé ìbúra, báńkì àti NIN, Àbújá kẹ́yìn.

Opó tí ọkọ rẹ̀ kú lẹ́nu iṣẹ́, tí àríyànjiyàn kò sí nínú ẹbí, kí ó mú bárékè àti MIWA pọ̀, kí ó má náwó lórí lọ́yà. Bí ọkọ bá ti fẹ̀yìn tì kí ó tó kú, kí opó tètè fi ikú rẹ̀ tó Board létí, nítorí owó tí ẹbí bá fi káàdì olóògbé gbà lẹ́yìn ikú rẹ̀ lè padà di gbèsè. Ìdílé tí ìyàwó méjì tàbí ọmọ láti ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà nínú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì ti ń gbóná, ni mo máa ní kí wọ́n yá sí Legal Aid Council tàbí lọ́yà kíákíá, kí àgbà kan tí gbogbo wọn gbà wà ní ìjókòó.

Àwọn ọmọ òrukàn tí kò tíì tó ọdún 18, tí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ń sọ pé òun ni yóò gba owó náà pa mọ́ fún wọn, kí ìyá wọn tàbí olùkọ́ wọn mú wọn lọ béèrè ìrànwọ́ òfin lọ́sẹ̀ yìí gan-an, pẹ̀lú ìwé ìbí, ìwé ikú, àti báàgì abẹ́ ibùsùn náà, kí ó tó di pé ẹlòmíràn gbé e kúrò níbẹ̀.